Àwọn tó sọ tẹ́lẹ̀ nípa íntánẹ́ẹ̀tì kò ro ti ilé wa mọ́ ọn

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Abẹ́òkúta ni a ti ń kọ̀wé yìí, ìlú tí Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní ọdún 1859. Iṣẹ́ wa ni fífa íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú ilé àti títún èyí tó bá dákẹ́ ṣe. Àwọn òbí ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ti ba ilé jẹ́, àwọn ọmọ ń sọ pé bí kò bá sí i, ilé kò ṣeé gbé. Lójú tiwa, ilé gan-an ni ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe de íntánẹ́ẹ̀tì, àṣìṣe náà sì ti wà láti ẹnu àwọn tó kọ́kọ́ sọ bí nǹkan yóò ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1964, òǹkọ̀wé Arthur C. Clarke sọ lórí tẹlifíṣàn BBC pé bóyá láàárín àádọ́ta ọdún sí i, èèyàn yóò lè jókòó sí Tahiti tàbí Bali kó máa ṣe òwò rẹ̀ bí ẹni tó wà ní London. Ní 1967, ilé iṣẹ́ Philco-Ford ní Amẹ́ríkà ṣe fíìmù kékeré kan nípa bí ilé yóò ṣe rí ní 1999: ìyàwó jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó ń ṣa ọjà tó fẹ́ rà, ọkọ wà níwájú ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ń bójú tó owó rẹ̀, ọmọ ń kẹ́kọ̀ọ́ láìkúrò nílé. Láti 1973 ni Jack Nilles ti ń ṣèwádìí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè máa ṣiṣẹ́ láìdé ọ́fíìsì. Nígbà tó di 1980, òǹkọ̀wé Alvin Toffler kọ ọ́ pé inú ilé ni iṣẹ́ yóò padà sí, bó ṣe wà kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó dé.

Nípa ohun tí ẹ̀rọ yóò máa ṣe, wọn kò jìnnà sí òótọ́. Rírà, títà, sísanwó, ẹ̀kọ́, iṣẹ́, ìpè tí a ti ń rí ojú ara wa: gbogbo rẹ̀ wà nínú fóònù tí ọ̀dọ́mọdé kan ń gbé kiri ní Pànṣẹ́kẹ́ lónìí. Ohun tí wọ́n fò dá ni ilé. Ilé tí àwọn fúnra wọn ń gbé ni wọ́n yà, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ sí i: ilé tí iná kì í lọ, tí wáyà tẹlifóònù ti wà lára ògiri, tó ní nọ́ńbà tí ẹni tó ń pín lẹ́tà mọ̀, tí bàbá, ìyá àti ọmọ kan tàbí méjì ń gbé, tí kálukú sì ní yàrá tirẹ̀. Kò sí agboolé níbẹ̀. Kò sí ìyá àgbà, kò sí ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wá gbé pẹ̀lú wọn nítorí iléèwé.

Ẹ̀rọ ilé ìdáná tí ilé iṣẹ́ Honeywell ṣe fi èyí hàn kedere. Ní 1969, ilé ìtajà Neiman Marcus fi í sínú ìwé ọjà wọn ní 10,600 dọ́là. Pákó tí wọ́n ń gé ẹ̀fọ́ lé wà lára rẹ̀, wọ́n sì ní yóò máa tọ́jú ìlànà oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kò ní ojú tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde, kò sì ní lẹ́tà tí wọ́n ń tẹ̀. Àwọn iná wínníwínní tó ń tàn tó ń kú ló fi ń dáhùn, síwíìṣì ni èèyàn yóò sì máa tẹ̀ sókè sódò láti bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹni tó bá rà á yóò fi kọ́ ọ. Kò sí àkọsílẹ̀ pé wọ́n ta ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ro láfún lórí iná, ọwọ́ wo ni yóò fi máa tẹ síwíìṣì? Títí di òní, ìbéèrè tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ fún ilé nìyẹn: ibo ni yóò jókòó sí, ta ni yóò máa lò ó, kí sì ni ọwọ́ onítọ̀hún ń ṣe lásìkò náà?

Ní ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, ara ògiri ni íntánẹ́ẹ̀tì gbà wọlé. Ní nǹkan bí 1998, wáyà tẹlifóònù ni wọ́n ń so mọ́ módẹ́ẹ̀mù tí agbára rẹ̀ kò ju kílóbíìtì 56 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Orin kan tó tó 4MB yóò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó wọlé tán, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè fi tẹlifóònù náà pe èèyàn títí yóò fi parí. Ìdílé kan, wáyà kan, kọ̀ǹpútà kan ní pálọ̀. Orí ìyẹn ni ọ̀pọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ ìgbà náà dúró lé. Níbí, wáyà NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, kò dé ilé púpọ̀. Nígbà tí GSM dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, tí okùn abẹ́ òkun MainOne àti Glo-1 sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, àpò ṣòkòtò àti báàgì obìnrin ni íntánẹ́ẹ̀tì bá wọlé.

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì tó wà lápò ẹnì kan kì í ṣe ti ilé. Bí bàbá bá wọkọ̀ lọ sí Èkó láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó gbé tirẹ̀ lọ nìyẹn. Ọmọ tó ní iṣẹ́ àṣetiléwá yóò máa bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó tan họ́tísípọ́ọ̀tì. Kálukú ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, dátà tí a ń rà díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ́nwó jù. Kálukú sì ń wo tirẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Àwọn tó ní íntánẹ́ẹ̀tì yóò kó ìdílé jọ síwájú ẹ̀rọ kan kò rí èyí tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń bẹ̀rù rẹ̀ náà kò sì rí i.

Àwọn tó ń bẹ̀rù ní ẹ̀rí lọ́wọ́ nígbà kan o. Ní 1998, Robert Kraut àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Carnegie Mellon gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti fún àwọn ìdílé ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì. Èèyàn 169 nínú ìdílé 73 ni wọ́n tọpa wọn fún ọdún kan sí méjì. Wọ́n rí i pé bí èèyàn bá ṣe ń lò ó tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ń bá ará ilé rẹ̀ sọ ń dín kù díẹ̀, tí ìdáwà rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ìròyìn náà tàn káàkiri. Ohun tí kò tàn tó bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn olùwádìí yẹn kan náà padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, wọ́n sì kọ ọ́ ní 2002 pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n rí ti pòórá. Nínú àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n tún yẹ̀ wò, ẹni tó yá mọ́ èèyàn, tó sì ti ní alátìlẹ́yìn tẹ́lẹ̀, ló ń jèrè íntánẹ́ẹ̀tì jù. Ẹni tó máa ń fà sẹ́yìn kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Àwa gbà á gbọ́. Ilé tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì á fi kún ọ̀rọ̀ wọn. Ibi tí a bá gbé e kalẹ̀ sí nínú ilé náà sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ibẹ̀ ni a sì fẹ́ dúró sí dáadáa.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ilé ní íntánẹ́ẹ̀tì kan tí í ṣe ti ilé, tó jókòó sí pálọ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni jáde. Bí wọ́n bá ti ri okùn fáíbà dé àdúgbò yín, òun ló dára jù. Bí kò bá tíì dé, ráútà, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé, tó ń lo síìmù 4G tàbí 5G lè ṣe é. Ohun tó ń dààmú ráútà oní-síìmù ní ìlú wa yìí ni àpáta. Àmì tó ń wá láti orí máàsì, òpó gíga nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, kì í la àpáta kọjá. Ilé tó wà lẹ́yìn àpáta lè sún mọ́ máàsì gan-an kó má rí nǹkan kan gbà, kí èyí tó wà lórí òkè lọ́nà jíjìn máa rí i gbà ketekete. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan ìṣó kankan mọ́ ògiri kó tó dán gbogbo fèrèsé wò.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò nìyí. Ẹ gbé ráútà sí ojú fèrèsé kan, ẹ tàn án, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kó fara balẹ̀. Ẹ so fóònù mọ́ Wi-Fi rẹ̀, kí ẹ sì tẹ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí abẹ́ ráútà náà síbi tí ẹ ti máa ń tẹ orúkọ wẹ́ẹ̀bù. Ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1, 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1. Ọ̀rọ̀ ìwọlé tó wà lábẹ́ ráútà náà ni yóò béèrè. Nínú ibẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RSRP sí, ìyẹn bí àmì máàsì ṣe lágbára tó. Nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú ni ẹ máa rí, èyí tó bá sì sún mọ́ òdo jù ló dára jù: −85 dára ju −105 lọ. Bó bá wà láàárín −80 sí −90, kò sí wàhálà. −100 ṣeé fara dà. Bó bá ti jìnnà sí òdo ju −110 lọ, yóò máa já ni. Ẹ kọ nọ́ńbà fèrèsé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ tó lọ sí òmíràn.

Ẹ tún un ṣe láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, torí ìgbà yẹn ni gbogbo àdúgbò ń lo máàsì kan náà. Bí RSRP bá dára, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń wọ́ lálẹ́ nìkan, èrò ló pọ̀ lórí máàsì. Àǹtẹ́nà kò lè wo ìyẹn sàn. Síìmù nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mìíràn ni kí ẹ fi dán an wò. Owó púpọ̀ ló ti ṣòfò sórí àǹtẹ́nà orí òrùlé nílùú yìí nítorí pé ẹnikẹ́ni kò wo nọ́ńbà yẹn kó tó ra nǹkan.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ Wi-Fi inú ilé, èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń pa pọ̀ mọ́ ti máàsì. Ráútà máa ń fọ́n Wi-Fi lọ́nà méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2.4GHz ń lọ jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá, àmọ́ kò yára tó èkejì. 5GHz yára gan-an, ṣùgbọ́n ògiri bulọ́ọ̀kù kan tàbí méjì ti tó láti mú un rẹ̀ wẹ̀sì. Ògiri alámọ̀ tó nípọn ní àwọn ilé àtijọ́ ní agbègbè Aké máa ń dín agbára méjèèjì kù. Ilẹ̀kùn onírin, jígí ńlá lára wọ́dírọ́ọ̀bù àti táńkì omi máa ń dí i lọ́nà. Ẹ má gbé ráútà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má gbé e sẹ́yìn tẹlifíṣàn, ẹ má sì gbé e sórí fíríìjì. Kó ga tó orí èèyàn tó dúró, kó sì wà ní àárín ilé.

Wàhálà tó kù ni pé fèrèsé tí máàsì ti ń wọlé dáadáa sábà máa ń wà ní ìpẹ̀kun ilé, kì í ṣe àárín. Ẹ má ra èyí kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì pé kó máa gbé Wi-Fi síwájú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú ibẹ̀ ń gé ìyára sí ìdajì, nítorí ìgbì Wi-Fi kan náà ni wọ́n fi ń gbà, òun náà ni wọ́n fi ń fún ni. Wáyà ni kí ẹ fà láti ibi ráútà lọ sí pálọ̀, kí ẹ wá so ẹ̀rọ Wi-Fi kejì mọ́ ọn níbẹ̀. Cat6 ni orúkọ wáyà náà, kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ. Ẹ ṣọ́ra lọ́jà: èyí tí wọ́n fi bàbà bo álúmínọ́ọ̀mù lára pọ̀, ó fúyẹ́, ó sì máa ń kán. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹyọ wáyà kan. Bí inú rẹ̀ bá funfun, kì í ṣe bàbà, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Iná ni àwọn alásọtẹ́lẹ̀ kò ronú kàn rárá, òun ló sì ń ba ìlérí iṣẹ́ inú ilé jẹ́ jù lọ níbí. Ráútà kì í jẹ iná púpọ̀: 12V ni, ọ̀pọ̀ kò sì ju wáàtì 6 sí 10 lọ. Kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ lè jẹ 45, gílóòbù LED kan 9. Gbogbo rẹ̀ kò pé wáàtì 70. Síbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó lè gbé 650 wáàtì ni ọ̀pọ̀ ń tàn nítorí èyí, tó ń mu epo, tó ń pariwo débi tí ẹni tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò fi gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Èéfín rẹ̀ burú ju ariwo lọ. Èyí tó ń pa èèyàn nínú rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ́ríńdọ̀, ẹnu ọ̀nà tàbí abẹ́ fèrèsé lè pa odindi ìdílé sójú oorun. Kò sí iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kankan tó tó ìyẹn.

Bí ráútà nìkan bá ni ẹ kò fẹ́ kó kú, UPS kékeré oní-12V, bátìrì tó ń gbé ráútà bí iná bá lọ, ni kí ẹ rà, ẹ wò ó pé ẹnu rẹ̀ bá ráútà yín mu. Wọ́n lè kọ 8,800mAh sí i lára. Ẹ má fi 12V ṣírò nọ́ńbà yẹn o, nítorí 3.7V ni bátìrì inú rẹ̀. 8.8 lọ́nà 3.7 jẹ́ wáàtì-wákàtí 32 lé díẹ̀. Bí a bá yọ èyí tó ń ṣòfò, ó kù bí 27. Ráútà tó ń jẹ wáàtì 8 yóò fi lo wákàtí mẹ́ta lé díẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ń gbé e di ọjọ́ kejì kò ṣírò ni.

Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé, ìnfátà kékeré àti bátìrì ló kàn. Bátìrì olómi kíkan ti 12V, 75Ah, jẹ́ wáàtì-wákàtí 900, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ máa lò, torí bí ẹ bá ń gbẹ ẹ́ tán lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kó tó kú. Nínú 450 yẹn, ìnfátà fúnra rẹ̀ yóò jẹ díẹ̀, ó kù bí 380. Ẹ pín in fún 64 wáàtì tí ráútà, kọ̀ǹpútà àti gílóòbù jọ ń jẹ: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́fà. Ẹ má lo bátìrì ọkọ̀. Agbára òjijì tí wọ́n fi ń ṣáná sí ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí wọ́n ń pè ní deep cycle ni kí ẹ béèrè. Kó má sì sí nínú yàrá tí èèyàn ń sùn, nítorí bó bá ń gba iná sára, ó ń tú gáàsì tó lè gbaná. Ẹ yọ ráútà lára iná ìjọba nígbà tí iná bá lọ. Ìgbà tó bá ń padà dé ni fóltéèjì máa ń fò sókè tí ṣájà rẹ̀ á jó. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ṣájà náà, 12V ni kó jẹ́, kí áḿpì rẹ̀ tó èyí tí wọ́n kọ sí abẹ́ ráútà, bí 1A, 1.5A tàbí 2A. Bí kò bá tó, ráútà yóò máa kú, yóò máa jí, ẹ ó sì rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni.

Ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti di ti ilé, ìjà dátà ló máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fídíò tó mọ́ níwọ̀nba ń jẹ nǹkan bí 0.7GB ní wákàtí kan. Èyí tó mọ́ gan-an lè jẹ 3GB. Bí èèyàn mẹ́rin bá ń wo wákàtí méjì-méjì lójúmọ́ ní 0.7, ó di 5.6GB lójúmọ́, 168GB lóṣù. Bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé 0.3GB ní wákàtí, oṣù kan kò ju 72GB lọ, ojú fóònù kékeré kì í sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Kálukú ló máa lọ yí i nínú ààpù fídíò tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú WhatsApp, ẹ pa gbígba fídíò fúnra rẹ̀, kó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ wò ó ló máa tẹ̀ ẹ́. Nínú ráútà, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé tó bá a dé láti ilé iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ráútà tún ní ibi tí ẹ ti lè pàṣẹ pé kí fóònù àwọn ọmọ máa já kúrò lórí rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Òfin tí ẹ̀rọ ń mú ṣẹ lálaalẹ́ kì í dá ìjà sílẹ̀ tó èyí tí bàbá ń pariwo rẹ̀.

Ìpè tí a ti ń rí ojú ara wa ni a gbà pé ó ṣẹ jù, ó sì dùn mọ́ wa nínú. Ní 1970, AT&T gbé Picturephone, tẹlifóònù tó ń fi ojú ẹni hàn, jáde ní Pittsburgh ní 160 dọ́là lóṣù. Kò tà, nítorí ta ni ìwọ yóò pè nígbà tí ẹlòmíràn kò ní irú rẹ̀? Lónìí, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Kánádà ń bá wa jẹ oyin àti àtaare níbi ìsọmọlórúkọ ní Ìbarà. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé ìyára tó ń wọlé ni wọ́n ń dán wò, kì í ṣe èyí tó ń jáde. Èyí tó ń jáde ló ń gbé àwòrán yín lọ. Zoom ní tirẹ̀ fẹ́ tó kílóbíìtì 600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí àwòrán tó dára. Ẹ dán an wò ní aago tí ayẹyẹ yóò wáyé gan-an, kì í ṣe lóru ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ gbé fóònù lé nǹkan tó dúró ṣinṣin, kó sún mọ́ àgbà tó ń pe orúkọ, kó jìnnà sí gbohùngbohùn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ àti òbí tún kù. Nínú ìwádìí Pittsburgh yẹn, wọ́n rí i pé ọmọ ọ̀dọ́ ló sábà máa ń di ẹni tí gbogbo ilé ń bi léèrè bí ẹ̀rọ bá dà wọ́n láàmú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé wa, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àmọ́ ọmọ tó bá ń gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tó sì ń tẹ gbogbo rẹ̀ fún un kò kọ́ ọ ní nǹkan kan, yóò sì mọ PIN báǹkì rẹ̀. Kí ọmọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kó na ìka síbi tí wọ́n máa tẹ̀, kí ìyá fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́. Bó bá kan PIN, kí ọmọ yíjú. Kí wọ́n fi bíírò kọ ìgbésẹ̀ náà sínú ìwé ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì mú kí lẹ́tà ojú fóònù tóbi. Nínú WhatsApp wọn, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Account, lẹ́yìn náà Two-step verification, kí wọ́n yan nọ́ńbà mẹ́fà tiwọn. Nọ́ńbà mẹ́fà mìíràn tó bá wọlé nínú tẹ́ẹ̀sì láìjẹ́ pé wọ́n béèrè rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ kà á fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ohùn àlùfáà tàbí ohùn ọmọ wọn ni wọ́n gbọ́ lórí fóònù.

Ti ọjà kò ní gùn. Ní 1984, ìyá àgbà ẹni ọdún 72 kan ní Gateshead ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi tẹlifíṣàn rẹ̀ ra májárínì, ẹyin àti kọnfíléèkì lọ́wọ́ Tesco, wọ́n sì gbé e wá bá a nílé. Àwọn aládìírẹ ní Ìtòkú ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí fóònù báyìí. Ibi tó ti ń há ni àdírẹ́sì: ilé tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, tó ní géètì aláwọ̀ ewé. Ẹ ṣí Google Maps, ẹ tẹ òrùlé ilé yín kí ẹ má tètè gbé ọwọ́ kúrò, lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ní àmì + láàárín yóò jáde. Ẹ fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú àpèjúwe géètì. Ẹni tó ń tà náà kó má ṣe gbé aṣọ sílẹ̀ nítorí álẹ́ẹ̀tì nìkan. Inú ààpù báǹkì tirẹ̀ ni kó ti rí owó náà.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ọbańtokò, Adìgbẹ àti gbogbo ibi tí ìlú ń fẹ̀ dé ni pé kí wọ́n pe rewáyà sí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri. Páìpù oníke mìlímítà 25 ni kó rì láti abẹ́ òrùlé, ní ìhà tí máàsì wà, wá sí pálọ̀. Kó tún ri ọ̀kan láti pálọ̀ lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀kan sí géètì. Kó má ṣe rì wọ́n pọ̀ mọ́ páìpù iná. Kí àlàfo àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, bí wọ́n bá sì gbọ́dọ̀ kọjá lórí ara wọn, kí wọ́n kọjá bí àgbélébùú. Kó má fi ẹ́líbò tó ṣẹ́ kọ́ọ́kọ́ sí i, torí wáyà kò ní gba ibẹ̀. Ìtẹ̀ tó lọ rọra ni kó lò, kó má sì ju méjì lọ láàárín àpótí wáyà ara ògiri kan sí èkejì. Kó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú páìpù kọ̀ọ̀kan, èyí tí a ó fi fa Cat6 wọlé lọ́jọ́ iwájú, kó fi ọ̀rá di ẹnu rẹ̀ kí símẹ́ńtì má dí i, kó sì fi sọ́kẹ́ẹ̀tì iná méjì sí ẹ̀gbẹ́ àpótí wáyà ti pálọ̀, ní gíga orí èèyàn.

Àwa tiyín,
Àwọn oníṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.